Sikóòpù Tó Kọ̀ Tí Ò Gba Síró: Ẹ Wo Pépà Kẹ́ẹ Tó Yí Nọ́bù

Lẹ́tà yín pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sikóòpù, ìyẹn awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn, ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Síró ni ká tò ó kí ọta máa bọ́ síbi tí àgbélébùú inú ẹ̀ wà. Mo mú mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí pé gbogbo àrùn tí mo mọ̀ ló pé sínú ìbọn kan ṣoṣo yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Mo ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i, ojú ọta ẹ̀ 5.5 mílímítà ni, òun ni mo fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété tó ń jẹ ẹ̀pà mi lóko lọ́nà Ìbòkun. Ẹnìkan wá ta sikóòpù 3-9x40 kan (tó ń fa nǹkan sún mọ́ra ní ìlọ́po 3 sí 9, àwo iwájú ẹ̀ mílímítà 40) fún mi, orí ràífù ló ti lò ó tẹ́lẹ̀, mo dè é mọ́ tèmi, àtìgbà náà ni mi ò ti rójú. Mo gbé pépà sí mítà 25, ọta àkọ́kọ́ bọ́ sísàlẹ̀ lápá òsì, mo yí nọ́bù, èkejì lọ sápá ọ̀tún, mo yí i padà, ẹ̀kẹta bọ́ síbi tí mi ò rò rárá. Nọ́bù òkè yẹn mo ti yí i débi tí ò yí mọ́, ọta ṣì ń bọ́ sísàlẹ̀. Ẹnìkan ládùúgbò wá ní kí n da epo díẹ̀ sínú ìbọn, mo dà á, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàmù bí ìbọn ọdẹ, èéfín ń jáde, inú mi tiẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ṣé kí n ju sikóòpù yìí nù ni àbí ìbọn ló bàjẹ́? Ọmọ Oko, Òkè-Baálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì ju nǹkankan nù. Kọ́kọ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí nọ́bù yẹn ná, má fọwọ́ kàn án mọ́ títí n ó fi ní ó yá. Ohun tó ò ń ṣe yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, ọta kan jáde wọ́n yí nọ́bù, òmíràn jáde wọ́n tún yí i, wọ́n á wá máa lé ara wọn kiri, àwọn àti ìbọn, títí ọta inú agolo á fi tán. Ọta kan ṣoṣo ò lè sọ nǹkankan fún ẹ. Yin márùn-ún, ojú kan náà ni kó o fi ìlà àgbélébùú inú sikóòpù sí ní gbogbo ìgbà, kódà kó o rí i pé ọta ń bọ́ síbòmíì, má bá a lọ. Lẹ́yìn márààrún ni kó o wá rìn lọ wo pépà. Tí ihò márààrún bá kóra jọ síbì kan, tí ibẹ̀ kàn jìnnà sí àmì, ọ̀rọ̀ nọ́bù nìyẹn, ó rọrùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ tí wọ́n bá tú ká bí ẹni da àgbàdo fádìẹ, kò sí nọ́bù tó lè tún un ṣe láyé, nǹkankan ló ń mì níbìkan, àbí ọta ni ò dọ́gba, àbí bó o ṣe ń dì í mú ni. Tìẹ yìí, bó o ṣe ròyìn ẹ̀, ó ń tú ká ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, torí náà jẹ́ ká fi nọ́bù sílẹ̀ ká wá ohun tó ń tú u ká.

Ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ epo. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríìngì, písítìn ló wà nínú ẹ̀, tó o bá fa tírígà sípíríìngì á ti písítìn yẹn síwájú, á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná gan-an. Tí epo bá wà níbẹ̀ á gbiná. Bí ẹ́ńjìnnì dísù ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, kò ní púlọ́ọ̀gì, fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ ló ń dáná sí epo. Gbàmù tó ò ń gbọ́ àti èéfín tó ò ń rí, iná ni. Kì í jó bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọta kan á sáré ju ìkejì lọ, ọ̀kan á bọ́ sókè ọ̀kan á bọ́ sísàlẹ̀, rọ́bà ẹnu písítìn á sì máa jóná díẹ̀díẹ̀, sípíríìngì náà á máa jìyà. Ẹni tó ní kó o da epo sí i ò fẹ́ ibi fún ẹ, àmọ́ kò mọ ìbọn afẹ́fẹ́. Wá aṣọ òwú mímọ́ tó gbẹ, so ó mọ́ okùn ike, fà á gba inú ọ̀pá kọjá, máa pààrọ̀ aṣọ títí ọ̀kan á fi jáde láìní epo lára. Lẹ́yìn náà máa yìn ín tòun tọta títí èéfín á fi tán. Má yìn ín lófo o, ọta tó wà lẹ́nu ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fi ń gba písítìn dúró, tí kò bá sí ọta písítìn á lọ fẹnu gbá irin. Tí èéfín ò bá tán, á jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó di kó o gbé e lọ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú, á bá ẹ nu inú ẹ̀.

Ó kan síkúrúù. Ìbọn onísípíríìngì máa ń mi ara ẹ̀ tú, kò sí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wo iwájú igi ìbọn, síkúrúù kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, òmíì wà nítòsí tírígà. Fi síkúrúdíráfà tó bá ojú ẹ̀ mu dè wọ́n, má fi pínsì fà á, ojú síkúrúù á jẹ. Di ọ̀pá mú lẹ́nu kó o mì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń yẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ náà ti dẹ̀. Inú àwọn síkúrúù igi yìí ni àrùn wà lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn á ti bú sikóòpù títí.

Ìgbà yẹn la tó máa fojú sí òrùka tó di sikóòpù mú. Tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ojú irin orí ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ mílímítà 11 ni fífẹ̀ ẹ̀, ti ràífù ńlá fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ìyẹn, mo sì ti rí ẹni tó fi òrùka ràífù gàgàrà ki ìbọn afẹ́fẹ́ tó wá ń fi bébà há àlàfo ẹ̀. Ìyẹn ò lè dúró láé. Tí òrùka bá bá a mu, fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin àti inú òrùka kó má sí epo kankan lára ẹ̀, wo abẹ́ òrùka ẹ̀yìn bóyá píìnì kékeré kan wà níbẹ̀, ihò kan wà lórí ìbọn tí píìnì yẹn máa ń wọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí sikóòpù máa fà sẹ́yìn. Lọ́wọ́ yìí, yẹ ojú irin náà wò dáadáa. Tó o bá rí ibi tí nǹkan ti ha á tó ń dán, sikóòpù ẹ ti ń rìn nìyẹn. Tó o bá fẹ́ dè é padà, fún síkúrúù kan díẹ̀ kó o lọ sí èyí tó wà ní igun òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe máa lọ yíká títí gbogbo ẹ̀ á fi le bákan náà. Kó le, àmọ́ má fi agbára wẹ́dà dè é, ara sikóòpù ò nípọn, tó o bá fún un pa, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní lè rìn mọ́ tó o bá yí nọ́bù. Wá gba kùtẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ìyàwó ẹ tàbí àbúrò ẹ obìnrin, fi fa ìlà tín-ín-rín kan láti ara òrùka bọ́ sórí irin ìbọn, òmíì láti ara òrùka bọ́ sára sikóòpù. Tó o bá yin ọta ogún tí ìlà yẹn já sí méjì, o ò nílò ẹni tó máa sọ fún ẹ pé nǹkankan ń rìn.

Kó o tó fún òrùka le tán, so òkúta mọ́ okùn gígùn kan kó o gbé e kọ́ sí mítà 25 yẹn, kí okùn yẹn àti ìlà òró inú sikóòpù bára mu nígbà tí ìbọn dúró déédéé. Tí sikóòpù bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, o fẹ́ lọ sókè á gbé ẹ lọ sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú ohun tó ń dà ẹ́ láàmú.

Sikóòpù yẹn fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà ẹ. Ràífù tó ń lo ẹ̀tù, ẹ̀yìn nìkan ló máa ń ta sí, sikóòpù ẹ̀ sì wà fún ìyẹn. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríìngì kọ́kọ́ máa ń ta sẹ́yìn, lẹ́yìn náà písítìn á dé òpin ẹ̀, á gbá gbìì, gbogbo ìbọn á tún ta síwájú. Títa síwájú yẹn ni àwọn sikóòpù ràífù míì ò lè fara gbà, ohun tó di àwo gíláàsì inú ẹ̀ mú á jábọ́ tàbí á dẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe é fi máa ń kọ ọ́ sára páálí pé èyí ti ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Tú u kúrò lórí ìbọn, gbé e sétí, mì í díẹ̀. Tó o bá gbọ́ ohun kan tó ń ró kẹrẹkẹrẹ, ó ti lọ. Wò ó sínú ojú ọ̀run tó mọ́, àmọ́ má wo oòrùn o, bóyá àgbélébùú ẹ̀ ti yí tàbí ó já. Tó bá sì yè é, ìdánwò míì ṣì kù tí màá sọ tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ nọ́bù tó ti dé òpin. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń ṣẹ́, ọ̀pá ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ju ojú irin orí ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọta fi ń bọ́ sísàlẹ̀ tí wọ́n á fi yí nọ́bù títí dé òkè pátápátá. Ibẹ̀ ò sì dáa, torí pé sípíríìngì kékeré kan wà nínú sikóòpù tó ń ti àwo mọ́ nọ́bù, tó o bá yí i dé òpin òkè sípíríìngì yẹn á dẹ̀, àwo á máa jó nínú ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá ta. Ìyẹn náà ń tú ọta ká! Kí ló wá yẹ kó o ṣe? Yí nọ́bù láti òpin dé òpin, máa ka kílíìkì, ìyẹn dídún kékeré tí nọ́bù ń dún bó ṣe ń yí, kó o wá yí ìdajì iye yẹn padà, sikóòpù ti wà láàárín nìyẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Lẹ́yìn náà gé ara agolo míńírà pẹlẹbẹ, tín-ín-rín, fi sáàárín sikóòpù àti ìdajì ìsàlẹ̀ òrùka ẹ̀yìn. Ara agolo yẹn kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, àmọ́ tí òrùka méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 10, ohun kékeré yẹn á gbé ọta ẹ gòkè tó bíi mílímítà 25 ní mítà 25. Fi ọ̀kan, ó pọ̀ jù méjì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ra òrùka tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀pá tó tẹ̀, má fi pákó tàbí rọ́bà bàtà há a.

Sikóòpù tí wọ́n ṣe fún ràífù, wọ́n sábà máa ń tò ó fún bíi mítà 91, ìyẹn yáàdì 100, ní mítà 25 tó o bá sún orí díẹ̀ àgbélébùú á máa rìn lórí àmì bẹ́ẹ̀ ìbọn ò mì. Gbé ìbọn sórí àpò iyanrìn, má fọwọ́ kàn án, sún ojú ẹ lọ sókè sísàlẹ̀, wàá rí i. Tí iwájú sikóòpù bá ní òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà jíjìnnà sí, yí i sí 25. Tí kò bá ní, ojú kan náà ni kó o máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí lórí igi ìbọn ní gbogbo ìgbà, kò sí ọgbọ́n míì.

Bó o ṣe ń dì í mú náà wà ńbẹ̀. Má gbé ọ̀pá ìbọn lé orí òkúta tàbí ara igi, má sì dì í mú gírígírí bí ẹni ń jà. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbé abẹ́ igi ìbọn, fi àpò iyanrìn gbé ọwọ́ ẹ, jẹ́ kí ìbọn mì bó ṣe fẹ́ mì, bákan náà nígbàkigbà. Àwọn ọmọ tó ti kọ́kọ́ yin ìbọn ẹ̀tù kì í gbà mí gbọ́ níbí yìí, àmọ́ ìbọn onísípíríìngì ti ń ta kí ọta ẹ̀ tó jáde lẹ́nu, bó o bá ṣe dì í mú ló ń darí ibi tó ń lọ.

Ọta: orúkọ kan ni kó o lò, agolo kan. Ìdí ọta yẹn fẹ̀ bíi yẹ̀rì, òjé sì rọ̀, tó bá ti tẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò kò lè lọ tààrà mọ́. Tú wọn sórí tábìlì, yọ èyí tó tẹ̀ kúrò. Fọ ọwọ́ ẹ lẹ́yìn ẹ̀ kó o tó fi jẹ ẹ̀bà, májèlé ni òjé.

Ó yá, yí nọ́bù wàyí. Yin márùn-ún, tí wọ́n bá ti kóra jọ, wo àárín wọn, má wo èyí tó dáa jù níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 1/4 MOA sára nọ́bù (MOA ni ìwọ̀n igun tí wọ́n fi ń ka bí nọ́bù ṣe ń sún ọta), kílíìkì kan á sún ọta bíi mílímítà 7 ní mítà 100, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ni ní mítà 25, kò tiẹ̀ tó mílímítà 2. Ọta wà nísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, o yí kílíìkì mẹ́ta, o ní sikóòpù ò gbọ́ràn. Kílíìkì 22 ló ń fẹ́! Kọ iye tó o yí sílẹ̀, fi ìdí síkúrúdíráfà kan orí nọ́bù pẹ́pẹ́ kí ohun inú ẹ̀ jókòó, yin márùn-ún míì.

Ìdánwò tí mo ní ó kù nìyí. Fojú sun àmì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yin mẹ́ta, yí kílíìkì 20 sọ́tùn-ún, yin mẹ́ta, 20 sókè, yin mẹ́ta, 20 sósì, yin mẹ́ta, 20 sísàlẹ̀, yin mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Igun kọ̀ọ̀kan á jìnnà síra tó bíi mílímítà 36, mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ bọ́ lé mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí. Tí wọ́n bá padà sílé, sikóòpù ẹ ò ní nǹkan kan. Tí ò bá padà sílé lẹ́yìn gbogbo síkúrúù tó o ti dè yìí, dá a padà fẹ́ni tó tà á fún ẹ, ti ìbọn afẹ́fẹ́ gangan ni kó o lọ rà.

O ò sọ ibi tó o ti ń dán an wò fún mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé nínú Òkè-Baálẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́ dáwọ́ dúró, gbé e lọ sóko, níbi tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ga lẹ́yìn pépà. Ìlú tí Tìmẹ́hìn ọdẹ bá wọn tẹ̀ dó ni wá lóòótọ́, àmọ́ má ṣe dé ìtòsí igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú ìbọn o, àtìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìṣọdẹ ti jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, UNESCO pàápàá ti kọ igbó yẹn mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Òfin ìbọn wa ti 1959 sì ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ, bí àwọn tó ń tà á bá ní kò nílò ẹ̀, má gbà wọ́n gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ìwé ìròyìn. Ràífù .22 ni tèmi, ó níwèé, igi ni ara ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ibi tí mo bá rán ọta ló ń lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ó yà sápá ọ̀tún, mo tún un ṣe, ọyẹ́ padà dé, ó tún yà. Ṣé sikóòpù náà ti ń darúgbó bíi tèmi ni? Bàbá Àgbẹ̀, Ìdó-Ọ̀ṣun.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ̀mí yín á gùn o. Ẹ wò ó, ọta yín ń kóra jọ, ẹ̀yin náà sọ ọ́, ibi tó ń kóra jọ sí ló ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí. Mi ò ro sikóòpù, igi ni mo rò. Igi tí wọn ò kùn nínú máa ń mu omi lásìkò òjò, á wú, á máa ti ọ̀pá ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ yọ ọta kúrò, ẹ yọ bóòtù, ìyẹn irin ẹ̀yìn tó ń ti ọta wọ ọ̀pá, ẹ tún wo inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá mú owó bébà kan, igba náírà tó mọ́ ti tó, ẹ fi bọ àárín ọ̀pá àti igi láti iwájú, kẹ́ẹ máa fà á lọ sẹ́yìn. Ó yẹ kó rìn wọ̀ọ̀ títí dé ìtòsí ibi tí ọ̀pá ti wọ ara ìbọn. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni igi ti ń ti ọ̀pá. Ẹ tú ọ̀pá kúrò lára igi, ẹ fi sáńpépà tó rọ̀ wé igi róbótó kan, ẹ rọra ha inú igi níbẹ̀, kẹ́ẹ wá fi fáníìṣì kùn ún nínú kó má baà mu omi mọ́. Kí káfíńtà má bá yín ṣe é o, wọ́n á gbẹ́ ẹ jù.

Tẹ́ẹ bá dè é padà, kẹ́ẹ má tíì yin ọta. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn láìsí bóòtù, ẹ wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn títí ẹ ó fi rí àmì ní mítà 25 láàárín ihò gan-an, kẹ́ẹ wá yí nọ́bù títí àgbélébùú á fi wà lórí àmì kan náà láìmi ìbọn. Ọta àkọ́kọ́ á ti bọ́ sórí pépà nìyẹn, ẹ lè wá sún un lọ sí mítà 50. Orúkọ ọta kan ni kẹ́ẹ dúró lé, ọta .22 ti ilé iṣẹ́ méjì kì í bọ́ síbì kan náà, tẹ́ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nu inú ọ̀pá, ẹ má ka àwọn díẹ̀ àkọ́kọ́ sí. Kí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn pépà yín ga dáadáa, ọta kékeré yẹn lè rìn ju kìlómítà kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ní kí wẹ́dà bá mi jó sikóòpù mọ́ ṣakabùlà bàbá mi? Ọmọ Ọdẹ, Ìlọbùú.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Kí wẹ́dà má fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn, iná á sọ irin ẹ̀ di ọ̀lẹ, ọjọ́ tí ẹ̀tù bá pọ̀ díẹ̀ ó lè bẹ́ mọ́ ẹ lójú. Inú ọ̀pá ṣakabùlà sì ń dán ni, kò ní ìlà tó ń yí ọta, ohun tẹ́ẹ bá kì sí i á tú ká bó ṣe jáde lẹ́nu, kí lo fẹ́ fi sikóòpù wò níbẹ̀? Ra tọ́ọ̀ṣì orí tó dáa, kó o sì bi bàbá pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ojú ọ̀pá ìbọn yẹn wò kẹ́yìn.